Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi ní Ìgbèríko Ireland

Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Ireland létí ọ̀pọ̀ nínú wa, àwọn fadá àti àwọn sisita tó kọ́ àwọn ìyá wa ní ìwé ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Èmi pàápàá kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo bá ọkọ mi dé ìlú Drogheda, níbi tí iṣẹ́ gbé e lọ. Odindi ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀ tí ohun tí mo mọ̀ nínú ilẹ̀ náà kò ju ilé wa, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwòsàn lọ. Bí mo bá yọjú lójú fèrèsé, òjò ni. Bí mo bá tún yọjú, òjò kan náà ni.

Ìyá ọkọ mi ni ó mú mi jáde kúrò nínú ilé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí ìfẹ́ ni a fi jáde. Ìjà ni ó lé wa jáde, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín.

Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni mo bí àkọ́bí mi, Àyọ̀ká. Màmá wá láti Ìsẹ́yìn láti bá mi wẹ ọmọ, inú mi sì dùn gidigidi nígbà tí mo rí wọn pẹ̀lú àpò gaàrí àti ata gígún wọn ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí fìlà fi dá wàhálà sílẹ̀ láàrin wa. Màmá a wọ ẹ̀wù mẹ́ta fún ọmọ, wọn a fi súwẹ́tà lé e, wọn a sì dé fìlà méjì fún un léra wọn, nínú ilé tí ẹ̀rọ ti ń mú gbóná. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé ti kìlọ̀ fún mi pé ooru àpọ̀jù léwu fún ọmọ tuntun. Bí mo bá ṣí fìlà, Màmá a tún un dé. Bí a bá sùn lóru, wọn a rọra ṣílẹ̀kùn, wọn a na ọwọ́ síwájú imú ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ń mí, ọmọ a sì ta jí. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóru ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àìsùn ti sọ ojú mi di pupa, mo wí pé, “Màmá, ọmọ mi ni. Ẹ jẹ́ kó sùn.”

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti burú. Ta ni ó ń jẹ́ “ọmọ mi” fún ìyá tó bí bàbá ọmọ? Wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, “Ó dáa, ìyàwó.” Láti ọjọ́ náà, “Ẹ káàárọ̀ mà” àti “Káàárọ̀ o” nìkan ni ó kù láàrin wa. Ọkọ mi kò mọ ẹni tí òun ì bá gbè sẹ́yìn. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ó di ẹrù gbogbo wa sínú mọ́tò, ó ní a ń lọ wo ìgbèríko. Mo rò pé ó ti ya wèrè ni.

Ireland kò tóbi. Ẹni tó bá gbéra ní etíkun ìlà-oòrùn lówùúrọ̀ lè jẹun ọ̀sán ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Ìlú Clonmacnoise létí odò Shannon ni a ti kọ́kọ́ dúró. Ní nǹkan bí ọdún 544 ni Ciarán Mímọ́ dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ nítorí àdúrà àti ìwé kíkọ. Ilé gogoro olóbìrípo wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbélébùú òkúta gíga tí wọ́n fín àwòrán inú Bíbélì sí lára. Wọ́n ti gbé àwọn ojúlówó wọnú ilé kí òjò má bàa jẹ wọ́n tán. Màmá kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. N kò lè ròyìn ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí n kò rí i dáadáa. Ẹni tó ń bínú kì í ríran.

Nígbà tí a wọ agbègbè tí wọ́n ń pè ní Connemara, ojú ilẹ̀ yí padà. Òkè ń bẹ lótùn-ún, adágún omi ń bẹ lósì, ògiri òkúta tí wọ́n tò láìlo sìmẹ́ǹtì sì gba àárín pápá kọjá títí dé ibi tí ojú kò ká mọ́. Àgùntàn ń sùn sí àárín títì bí ẹni pé bàbá wọn ló là á. Olúkúlùkù olówó àgùntàn ni ó fi ọ̀dà aláwọ̀ tirẹ̀ sàmì sí ẹ̀yìn ẹran rẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn búlúù. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́kọ́ la ẹnu láti òwúrọ̀: “Àkànní, ṣé àwọn ará ibí tún ń kun àgùntàn ni?” Wọ́n tún rí i pé èdè mìíràn wà lára pátákó ojú ọ̀nà lókè èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì béèrè bóyá àwọn ènìyàn yìí ní èdè tiwọn. Ọkọ mi ní wọ́n ní in, pé apá ibi tí a wà yìí wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí wọ́n ṣì ti ń sọ ọ́ nínú ilé. Màmá ní, “Díẹ̀ kẹ̀?” wọ́n sì dákẹ́.

Ilé ìyá arúgbó kan tó ń gba àlejò ni a wọ̀ sí. Búrẹ́dì dúdú tó ń yan fúnra rẹ̀, bọ́tà àti tíì gbígbóná ni ó fi pàdé wa. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀ rokoṣo, Màmá sì kọ̀ láti sùn, wọ́n ní ìgbà wo ni ènìyàn ti ń sùn lọ́sàn-án. Bí ẹ bá ń mú ọmọ kékeré lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ mú aṣọ dúdú dání láti fi bo fèrèsé.

Kylemore ni a lọ lọ́jọ́ kejì, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni agbára yín ká, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ilé ńlá bí ààfin ni, ó dúró sí ẹsẹ̀ òkè létí adágún, òjìji rẹ̀ sì hàn nínú omi. Dókítà kan láti Manchester, tí ń jẹ́ Mitchell Henry, ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Margaret, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, wọ́n wá sí Connemara, ibẹ̀ sì wu obìnrin náà. Nígbà tí ogún ńlá já mọ́ ọkọ lọ́wọ́, ó ra ilẹ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé ní ọdún 1867. Ọmọ mẹ́sàn-án ni Margaret bí fún un. Ní ọdún 1874 wọ́n rìnrìn-àjò lọ sí Íjíbítì, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú obìnrin náà níbẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún 45. Ọkọ gbé òkú rẹ̀ padà wá, ó kọ́ ilé kékeré kan bo ibojì rẹ̀ láàrin igi, ó sì tún kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́wà kan sí etí omi ní ìrántí rẹ̀. Nígbà tí òun náà kú ní ọdún 1910, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e wá tẹ́ sí. Ẹ máa rìn débẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ dán, kẹ̀kẹ́ ọmọ lè gbà á.

Àwọn sisita tí ogun ọdún 1914 lé kúrò ní ìlú Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ilé náà wá di tiwọn ní ọdún 1920. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, èyí tó wà títí di ọdún 2010. Ṣùgbọ́n ọgbà tí ògiri yí ká ni ó mú Màmá rẹ́rìn-ín. Nígbà ayé Henry, ilé gíláàsì ni wọ́n ń kọ́ sínú ọgbà yìí, wọ́n ń fi iná mú un gbóná, wọ́n sì ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀ nínú òtútù ilẹ̀ náà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n wo gíláàsì, wọ́n wo mí, wọ́n ní, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá ń wọ ẹ̀wù. Ọmọ ènìyàn nìkan ni wọ́n ní kó má dé fìlà.” Ọkọ mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ti rín in lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà.

Láti Kylemore, ọkọ mi gba ọ̀nà àfonífojì Doolough, ní agbègbè Mayo. Ẹ ò ní rí ilé kankan níbẹ̀. Òkè dúdú méjì dojú kọ ara wọn, adágún tó dúdú bí aró sì wà láàrin wọn. Oòrùn ti ń rẹ̀yìn. Lójijì Màmá ní, “Àkànní, dúró.” Wọ́n na ọwọ́ sí ara òkè. “Ta ni ó kọ ebè sórí ibẹ̀ yẹn tí kò gbin nǹkan kan sí i?”

Ọdún mẹ́ta tí mo ti lò nínú ilẹ̀ náà, n kò mọ̀ pé ebè ni mo ń rí. Ọmọ àgbẹ̀ ni Màmá, ojú wọn kò lè ṣì í. Lóòótọ́ ni, ìlà ìlà gígùn wà lára òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, koríko ti bò ó, ṣùgbọ́n ìtànṣán oòrùn alẹ́ mú un hàn gbangba. Ebè ọ̀dùnkún òyìnbó ni. Ṣáájú ọdún 1845, àwọn tálákà Ireland ti ń fi ọ̀dùnkún yìí nìkan gbé ayé, òun ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ènìyàn lé ní mílíọ̀nù 8 ni a kà ní erékùṣù náà ní ọdún 1841. Nígbà tó di 1845 àrùn kan wọ inú ọ̀dùnkún, ó rà sínú ilẹ̀, ó sì tún rà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ebi àti àìsàn tó bá ebi rìn pa, mílíọ̀nù kan mìíràn sì wọ ọkọ̀ ojú omi sá lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkà àti ẹran ṣì ń jáde láti èbúté Ireland lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títà. Títí di òní, iye àwọn ènìyàn erékùṣù náà kò tíì padà tó ti 1841.

Ibi tí a dúró sí gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 1849, wọ́n ní kí àwọn tó ń gba oúnjẹ ìrànwọ́ péjọ sí ìlú Louisburgh kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n péjọ, wọ́n tún ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Delphi, ilé ìgbafẹ́ olówó kan tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 19 síbẹ̀. Àwọn tí ebi ń pa, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, fi ẹsẹ̀ rìn ín nínú òtútù. Wọn kò fún wọn ní nǹkan kan. Bí wọ́n ti ń padà, ọ̀pọ̀ kú sí ojú ọ̀nà létí adágún yìí. Òkúta ìrántí kan wà níbẹ̀, kò tóbi.

Màmá sọ̀kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wo ebè náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè: “Ìyàwó, ìyá tó ní ọmọ lọ́wọ́ nínú wọn ńkọ́? Bí kò bá rí jẹ, kí ni ọmú rẹ̀ yóò mú jáde?” N kò ní èsì. Mo gbé Àyọ̀ká sórí ọmú nínú mọ́tò títí a fi dé ilé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá onílé béèrè lọ́wọ́ Màmá pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Màmá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun bí mẹ́jọ, pé ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́yìn ọgbà. Mo rò pé n kò gbọ́ èdè rẹ̀ yé ni. Ó ní kí a dúró di òwúrọ̀.

Ibi tó mú wa lọ kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń fún àlejò. Pápá kékeré kan ni, létí òkun, tí igi ẹlẹ́gùn-ún kan dá dúró sínú rẹ̀. Òkúta kéékèèké wà káàkiri inú koríko, òmíràn funfun, kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ireland. Cillín ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Òfin ìjọ ìgbà náà kò gbà kí wọ́n sin ọmọ tó bá kú kí a tó ṣe ìrìbọmi fún un sí ilẹ̀ mímọ́. Nítorí náà, bàbá ọmọ tàbí arákùnrin rẹ̀ a gbé e lọ lóru, a sì sin ín síbi tí kò ní orúkọ. Ìyá ṣì wà lórí ibùsùn. Ó lé ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá kí àṣà náà tó parẹ́ níbi gbogbo. Ìyá onílé ní nígbàkúùgbà tí ìyá òun bá ń sá aṣọ, ó máa ń dúró wo ìhà pápá yìí, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀ àfi ìgbà tí bàbá òun ń kú lọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.

Màmá ní, “Bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ òkúta tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀.”

Mo bi í. Ó mi orí.

Màmá ní, “Èmi náà kò mọ̀.”

N kò túmọ̀ èyí. Ọkọ mi, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀ lẹ́yìn wa, dúró. Màmá kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ní, “Méjì ni tèmi, kí n tó bí Àkànní. Oṣù mẹ́ta ni èkíní, ekejì kò tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, òru ni méjèèjì sì lọ. Mo sùn tì í. Nígbà tí mo jí, ó ti tutù. Bàbá rẹ àti àbúrò rẹ̀ ló gbé e lọ. Wọn kì í fi ojú oórì ọmọ han ìyá.”

Ọkọ mi ti lé ní ẹni ọdún márùndínlógójì, kò gbọ́ ọ rí. Ìyá onílé kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kọ́ Màmá lápá, àwọn méjèèjì sì dúró bẹ́ẹ̀ nínú atẹ́gùn. Èmi ń wá ohun tí n óò sọ, n kò rí i. Mo ṣí àpò ọmọ, mo yọ fìlà kejì, mo nà án sí Màmá. Wọ́n gbà á. Wọ́n wo ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún mi. “Ọ̀kan tó o. Atẹ́gùn yìí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.”

Nípa àwọn ibi yòókù, n óò ṣe é ní kúkúrú. Ògiri àpáta Moher, ní agbègbè Clare, ga tó mítà 214 lókè òkun Àtìláńtíìkì níbi tó ga jù, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1835 sì wà lórí rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ẹ má gbé ọmọ kọjá ibi tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ dí, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe eré, ó sì ti gbé àgbàlagbà lọ rí. Nítòsí rẹ̀ ni Burren wà, ilẹ̀ tó jẹ́ òkúta ẹfun lásán, tí òdòdó kéékèèké ń yọ láàrin sísán rẹ̀. Òkúta ńlá tí wọ́n gbé lé orí òkúta mìíràn ní Poulnabrone jẹ́ ibojì tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún. Ní ti òkúta Blarney, èyí tí ènìyàn ń fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ fi ẹnu kò kí ọ̀rọ̀ lè dùn lẹ́nu rẹ̀, a kò lọ. Màmá ní ẹnu òun ti dùn tó.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni èyí tó wà nítòsí ilé wa gan-an. Newgrange kò jìnnà sí Drogheda rárá, odò Boyne kan náà ló ṣàn kọjá lọ́dọ̀ àwa méjèèjì, síbẹ̀ ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń sọ pé mo máa lọ. Òkìtì ńlá ni, tí wọ́n mọ ní nǹkan bí ọdún 3200 kí a tó bí Jésù, ṣáájú kí wọ́n tó kọ́ àwọn pírámíìdì ńlá Íjíbítì. Ọ̀nà tóóró tó gùn ní mítà 19 wọ inú rẹ̀ lọ sí yàrá kan, tí wọ́n fi òkúta tò òrùlé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kò tíì jò ó títí di òní. Inú yàrá náà ni wọ́n ń kó egúngún òkú wọn sí. Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n dá ihò kan sí. Ní àárọ̀ àwọn ọjọ́ tó kúrú jù nínú ọdún, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn tó ń yọ gba inú ihò yẹn wọlé, ó sì tàn dé yàrá àwọn òkú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael O'Kelly ni ó wọlé lọ dúró dè é ní ọdún 1967, tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ kò lè fi mọ́tò yín débẹ̀. Ilé àlejò ni ẹ óò ti wọ bọ́ọ̀sì, ẹ sì tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò lè wọlé. Mo ti pọn Àyọ̀ká, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà tóóró débi pé mo ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n gbé e mọ́ àyà. Nígbà tí gbogbo wa wọ yàrá náà, afinimọ̀nà pa iná. Òkùnkùn biribiri. Mo gbọ́ tí Màmá ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lẹ́yìn náà mo mọ ọwọ́ wọn tó ń táràrà wá, ó kọjá èjìká mi, ó dúró síwájú imú ọmọ. Mo sún Àyọ̀ká mọ́ wọn kí ọwọ́ wọn lè tó o. Afinimọ̀nà tan iná kékeré tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn oòrùn náà, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wọ́ wá lórí ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ wa.

Àwọn tó ń fẹ́ wọ inú yàrá náà ní ọjọ́ oòrùn gan-an pọ̀ jù, nítorí náà wọ́n ń dìbò mú orúkọ díẹ̀. A kọ orúkọ wa sílẹ̀ kí a tó jáde, Màmá ní kí a kọ tiwọn náà. Wọ́n padà sí Ìsẹ́yìn ní oṣù keje. Láti ìgbà náà a ti ń kọ orúkọ, wọn kò tíì mú wa. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, Màmá a pè mí lórí fóònù.

“Ìyàwó, ṣé wọ́n ti mú orúkọ mi?”

“Wọn kò tíì mú un, mà.”

“Ìwọ ni o kò kọ ọ́ dáadáa. Àyọ̀ká ńkọ́? Ṣé ó dé fìlà?”